Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Ọwọ́ Wo Ìmọ́lẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń wo ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tan iná fún ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní ìlú olókè kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe é. Bàbá Oníná ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sì ti sọnù sínú ìyẹn.

Bí eré bá ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, yóò tan àwọn iná rẹ̀, yóò gun orí ìtàgé lọ, yóò na ọwọ́ ọ̀tún sókè, yóò kọ ẹ̀yìn ọwọ́ náà sí iná. Yóò wá máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Ibi tí ooru bá ti mú ọwọ́ rẹ̀ jù lọ, ibẹ̀ ni yóò fi ẹfun sàmì sí. Yóò ní, "Ibí ni ọba máa dúró." Bí ọba bá sì dúró níbẹ̀ lóòótọ́, ojú ọba a mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ a máa tàn.

Kì í ṣe òun ló dá àṣà náà sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi hàn án, nígbà ayé àwọn gílóòbù ńlá tí wọ́n máa ń wà nínú agolo dúdú lókè orí ìtàgé. Ìmọ́lẹ̀ àwọn gílóòbù wọ̀nyẹn àti ooru wọn jọ ń jáde ni. Ibi tó bá gbóná jù náà ni ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Àwọn òṣèré pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń wá àyè wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń wá a, bí ọmọ ológbò ṣe ń wá oòrùn àárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó fura nígbà tí ọwọ́ náà di ojú rẹ̀ gan-an.

Ọyẹ́ ni ó kọ́kọ́ pe ohun tó ń bò ó lójú. Ọdún náà, ọyẹ́ wọlé kíkankíkan, òkè tó yí ìlú ká pòórá, igi di òjìji, Bàbá Oníná sì rò pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rí i náà ni òun ń rí i. Òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀. Òkè jáde padà. Àwọn ènìyàn ní, "Ẹ wo bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀." Ó gbójú sókè, ó sì rí i pé ọyẹ́ ti lọ kúrò nílùú, ó fi ti ojú òun sílẹ̀.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó kọ́ láti máa ka ìṣísẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dé ibi tábìlì tó ti ń darí iná. Ó ń mọ ọ̀gá ẹgbẹ́ nípa ìró kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìgbànú rẹ̀, ó sì ń mọ àwọn tó kù nípa ikọ́ wọn àti bí sálúbàtà wọn ṣe ń gbálẹ̀.

Ìdí tí kò fi sọ kò jìnnà. Ojú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ti di bàìbàì rí. Wọ́n fà á kúrò nídìí iná, wọ́n gbé àga fún un lẹ́nu géètì pé kó máa ya tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn èrò a kí i bí wọ́n bá ń kọjá, òun náà a sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí ló máa ń rẹ́rìn-ín sí. Orí àga yẹn ló wà títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Bàbá Oníná rí i. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé wọn kò ní í gbé àga náà fún òun. Bí wọ́n bá gba iná lọ́wọ́ òun, kí ló kù tí ayé yóò fi mọ òun?

Kí n má purọ́, ìfarapamọ́ náà dùn mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn yòókù tó dé, ó máa ń tan iná kan ṣoṣo, á lọ dúró lábẹ́ rẹ̀. Inú ọyẹ́ tó wà lójú rẹ̀ a di pípọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìmọ́lẹ̀ a sì bọ́ sí i lára bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn lọ́sàn-án gangan. Ó máa ń ṣe é bíi pé àárọ̀ kan wà tó jẹ́ tòun nìkan, tí kò ní í di ọ̀sán láéláé. Láàárín ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó lè fọwọ́ sọ ìmọ́lẹ̀ tí í ṣe àfẹ̀mọ́júmọ́ àti èyí tí í ṣe ìyálẹ̀ta. Irọ́ tó bá ń múni lára yá ló ṣòro jù lọ láti kọ̀ sílẹ̀.

Ó ṣe, àwọn gílóòbù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá irú wọn lọ́jà títí, kò sí mọ́. Ó wá ku mẹ́rin péré. Ọmọ ìlú kan tó wà lókè òkun gbọ́, ó fi iná méjìlá ránṣẹ́ sí wọn. Iná LED ni, irú èyí tí àwọn ilé eré tuntun ń lò. Kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, kì í jẹ iná mànàmáná púpọ̀, ẹni tó gbé e wá sì ní kì í gbóná.

Bàbá Oníná rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní, "Iná tí kì í gbóná? Àwòrán iná ni wọ́n mà fi ránṣẹ́ sí yín yẹn."

Ọ̀gá ẹgbẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ọdún ìlú ti sún mọ́lé, eré ńlá wọn sì ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra, bàbá. Ká gbé àtijọ́ kan àti tuntun kọ́ sórí irin kan náà, ká wá mọ iye tuntun tó tó àtijọ́ kan. Ẹ̀yin ni ojú wa. Iye tí ẹ bá ní ká tàn la máa tàn."

Ẹ̀yin ni ojú wa. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Oníná létí, ó gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, gbọ̀ngàn sì ṣú. Òjò ń dún lórí páànù bí ìgbà tí wọ́n bá ń da àgbàdo sínú agbada, ó ń rọ ènìyàn lójú bí oorun. Àwọn òṣèré jókòó sórí àga iwájú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíwùmí lọ dúró sí àárín ìtàgé kí iná lè rí ojú tó máa tàn sí. Òun ló ń ṣe ayaba inú odò nínú eré wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nínú ẹgbẹ́, Bàbá Oníná ló sì fi ẹfun sàmì sí ibi tó kọ́kọ́ dúró sí láyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣèré.

Wọ́n tan ti àtijọ́. Kò là lẹ́ẹ̀kan náà. Ó là bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ojú Ìbíwùmí jáde láti inú òkùnkùn bí epo tuntun. Bàbá Oníná gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè, ooru náà gun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ó ní, "Ìyẹn ni ìmọ́lẹ̀."

Wọ́n pa á, wọ́n tan ọ̀kan nínú tuntun.

"Háà!" Gbogbo àwọn tó jókòó ló ké e papọ̀. Omíràn nínú wọn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, omíràn fi apá bo iwájú orí.

Bàbá Oníná kò rí ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tuntun náà funfun, ọyẹ́ ojú tirẹ̀ náà funfun. Funfun wọ inú funfun, kò sì mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ó gbé ọwọ́ sókè. Kò sí nǹkankan. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ sí i. Kò sí nǹkankan síbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá na ọwọ́ sínú yàrá tí kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ "Háà" tí wọ́n ké, ó sì rò pé ìjákulẹ̀ ló fà á jáde lẹ́nu wọn.

Ó ní, "Kò tó."

Ọ̀gá ẹgbẹ́ ń fi ìka méjì nu ojú. Ó ní, "Kò tó, bàbá?"

"Kò tó rárá. Ẹ tan èkejì sí i."

Wọ́n tan èkejì. Ó ní kò tó. Wọ́n tan ìkẹta àti ìkẹrin. Ní ìkẹfà, àwọn àga iwájú ti ń dún gìrọ́gìrọ́ nítorí pé àwọn ènìyàn ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ní ìkẹwàá, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣí nínú gbọ̀ngàn náà àfi Bàbá Oníná.

Apanilẹ́rìn-ín ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ẹni tó jókòó tì í. Ó ní, "Òkùnkùn yìí mà lágbára o. Ó ti ń gba omi lójú mi."

"Dákẹ́," ni èkejì wí. "Ṣé o mọ̀ ọ́n ju bàbá lọ ni?"

Ó mà ṣe o. Ọkùnrin yìí kò tíì ṣe àṣìṣe lójú wọn rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nítorí náà, nígbà tó ní ibẹ̀ ṣú, olúkúlùkù wọn rò pé ojú tòun ló ní àléébù, ó sì tì í lójú láti sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ ọ́ sókè pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti ń rí ohun tí bàbá ń wí. Ìdí rẹ̀ ló ṣókùnkùn." Àwọn tó kù mi orí, pẹ̀lú omi lójú.

Ìbíwùmí nìkan ló sọ̀rọ̀ láti inú ìmọ́lẹ̀ náà. Ó ní, "Bàbá, mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́ o."

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ni ará ìlú ń bọ̀ wá wò?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìbíwùmí náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Oníná wá ṣe ìdájọ́ rẹ̀: gbogbo méjèèjìlá, kí wọ́n sì ti ọ̀pá orí tábìlì tó ń mú ìmọ́lẹ̀ wọn le dé òkè pátápátá. Ó ní pẹ̀lú ìyẹn náà, kò tíì tó gílóòbù àtijọ́ kan.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìgbáradì, Ìbíwùmí lọ bá a nídìí tábìlì iná. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má bínú sí mi o. Àtẹ̀gùn oníìpele méje ni mo máa sọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Lónìí, mo ṣi ìpele kẹta tẹ̀. Funfun ni gbogbo ilẹ̀ ń ṣe lójú mi. Ẹ bá mi dín in kù, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Oníná gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó gbé ọwọ́ sókè sí iná, ọwọ́ sì sọ fún un pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Èrò kan wá kọjá lọ́kàn rẹ̀ pẹ́rẹ́: bó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ ńkọ́, tó wá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni kò mọ̀? Ó rí èrò náà dáadáa. Ó rí i bí ènìyàn ṣe ń rí ìrù ejò tó wọ abẹ́ ẹní. Kàkà kó gbé ẹní sókè, ńṣe ló jókòó lé e lórí.

Ó ní, "Ọdún mélòó lo ti wà lórí ìtàgé?"

"Ọdún mẹ́sàn-án, bàbá."

"Èmi ńkọ́?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Ó dáa. Dìde, máa lọ."

Ó dìde, ó lọ.

Ọjọ́ ọdún pé. Láti ìrọ̀lẹ́ ni gbọ̀ngàn ti kún, tí àwọn tí kò ráyè jókòó dúró ti ògiri. Eré náà dé ibi tí ayaba yóò ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè padà sínú odò tó ti wá. Orí ìtàgé ṣú. Àwọn elégbè bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti ẹ̀yìn aṣọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Bàbá Oníná wá ti ọ̀pá méjèèjìlá sókè.

Ó gbọ́ tí èrò mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ ìró aṣọ lọ́tùn-ún lósì. Ó rò pé abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́.

Ìbíwùmí jáde sórí ìpele òkè pátápátá pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ibi tó yẹ kó ti máa sọ̀ bọ̀ ló ti dúró. Ó dúró pẹ́. Ó wá la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sí nínú eré, pẹ̀lú ohùn ayaba.

"Oòrùn, baba mi, ìwọ tó ń ràn lé mi lórí, mo kí ọ. Mo ń re odò, mi ò rí ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ pọ̀, ó ti bo ilẹ̀ mọ́ mi lójú. Rọ̀ fún mi díẹ̀, kí n rí ibi tí n ó tẹ̀."

Ó dùn mọ́ èrò. Obìnrin kan níwájú ní, "Ọ̀rọ̀ rèé." Wọ́n rò pé ara eré ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ọwọ́ Bàbá Oníná wà lórí ọ̀pá. Ohun tí kò jẹ́ kó fà á kò ju nǹkan kan lọ. Bó bá fà á sísàlẹ̀ tí ibẹ̀ ṣú, ìtìjú ni. Bó bá fà á sísàlẹ̀ tí ibẹ̀ dára, àwọn tó bá a mi orí lọ́jọ́ yẹn yóò mọ̀ pé kò ríran. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló já sí àga tó wà lẹ́nu géètì. Ó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Orin elégbè ti yí padà sí ibi tí ayaba gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó mí lẹ́ẹ̀kẹta, Ìbíwùmí sì gbé ẹsẹ̀.

Ìkòkò ló kọ́kọ́ ṣubú. Òun ló tẹ̀ lé e.

Kò ké. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Oníná gbọ́, ìyẹn ló sì fa ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó fa gbogbo ọ̀pá náà dé ìdajì, ó fa òmíràn kọjá ìdajì. Ó ń retí kí èrò pariwo pé ibẹ̀ ti ṣú. Ohun tó gbọ́ dípò rẹ̀ ni ọwọ́. Ọwọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn ń kúrò lójú wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn obìnrin ń yọ̀ padà sí ọrùn ọwọ́, ó ń dún wóróworo láti àga iwájú dé ara ògiri, bí òjò tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo gbọ̀ngàn mí síta. Ìgbà náà ló tó mọ bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó.

Ìbíwùmí wà ní ìjókòó lórí ìpele kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká sábẹ́ rẹ̀. Omi inú ìkòkò ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti ìpele dé ìpele. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó ti rọ̀ yẹn, omi náà ń dán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó gùn, kò fẹ́ tán. Ó jókòó síbẹ̀, ó sì kọ orin ayaba dé òpin láì dìde. Àwọn èrò ń sunkún. Wọ́n rò pé bí odò ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ẹ̀yìn aṣọ, nítòsí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ọsàn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ti di káfíńtà lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Irú àtẹ̀gùn wo lo kàn fún wa? Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run búra, ìpele náà dọ́gba! Ẹ wọ̀n ọ́n wò!"

Wọ́n gbọ́ ohùn kan tó ń ka ìṣísẹ̀ sókè. "Mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún." Bàbá Oníná dúró láàárín wọn.

Ó ní, "Ẹ fi káfíńtà sílẹ̀. Mi ò ríran. Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

Apanilẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, àwa ríran. Ó fọ́ wa lójú lọ́jọ́ náà, a sì ní ibẹ̀ ṣú."

Ìbíwùmí gbé orí sókè láti orí ẹní tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó ní, "Bàbá, ìgbà tí mo wá kúnlẹ̀ bá yín ńkọ́? Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni mo gbà gbọ́."

Ìbíwùmí yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní awọ kan ló bo ojú ọ̀tún, òun sì lè ṣí i. Ó ní ti òsì ti kú láti inú, pé ká ní wọ́n mú un wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, ìbá ṣeé gbà là. Wọ́n ṣí ojú ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í kúrò, gbọ̀ngàn ló ní kí wọ́n mú òun lọ tààrà. Ó ní kí wọ́n gbé àtijọ́ kan àti tuntun kan kọ́ sórí irin kan náà, kí ẹnì kan dúró sábẹ́ wọn, kí wọ́n tan ọ̀kan, kí wọ́n tan èkejì. Ó fi ojú kan wò ó. Ó ní kí wọ́n dín tuntun kù. Ó ní kí wọ́n tún dín in kù. Nígbà tó dé ìdajì, ó ní, "Wọ́n dọ́gba."

Tuntun kan ṣoṣo, ní ìdajì, ló tó. Méjìlá ló ti tàn sí ọmọ yẹn lójú. Ó jókòó sórí ilẹ̀ ìtàgé, ó sì bo ojú kan tó kù fún un náà.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, má wulẹ̀ káàánú rẹ̀ títí. Ìwọ ni mo ń bá wí.

Ìwọ náà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá mú ara rẹ gbóná lo ń pè ní òtítọ́. Ẹni tó bá ń pariwo tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ lo ní ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá fi ohùn tútù sọ fún ọ pé ohun tí ò ń ṣe ń pa òun lára, o máa na ọwọ́ sí i, o ò ní í gbúròó ooru kankan, o máa ní kò sí nǹkankan níbẹ̀. Nítorí pé ooru àti ìmọ́lẹ̀ ti bára wọn rìn pẹ́ nínú ayé rẹ ni o fi ń pe ọ̀kan ní èkejì. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mi ò ní kí o kọ àtijọ́, mi ò sì ní kí o sáré tẹ̀ lé tuntun. Mo ní kí o fi òṣùwọ̀n tó yẹ ohun kọ̀ọ̀kan wọ̀n ọ́n.

Ojú tó fọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí kò ní àléébù kan lára. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé o mọ̀ pé o ò ríran, o sì tún jókòó sídìí iná, kí iṣẹ́ má baà bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, tí ẹlòmíràn wá ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ọ̀nà nínú ohun tí o kò rí. Bó bá sì jẹ́ pé ara àwọn tó mi orí pẹ̀lú omi lójú lo wà, má rò pé mo ti gbàgbé rẹ. Ọ̀wọ̀ tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà ṣubú lu ọmọ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ojo ni, ó kàn wọ aṣọ ọ̀wọ̀ ni.

Ilé lò ń lọ nísinsìnyí. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti sọ fún ọ rí pé ohun tí ò ń ṣe ń fọ́ òun lójú. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o fi ṣe ẹ̀rín. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o bi í ní iye ọdún tó ti wà láyé. Kò ní í sọ ọ́ mọ́. Bí o bá wọlé, kí o tó bọ́ bàtà, lọ bá a, kí o sì fi ẹnu ara rẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.